Ta Ló Mọ̀ Ọ́n? Àlọ́, Oúnjẹ àti Ọgbọ́n Tó Fara Pamọ́ Sínú Àṣà

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àpèjọ wa)

  

Ìgbìmọ̀ àpèjọ ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ wàásù, n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ òṣèlú, n kò sì gbọdọ̀ tọrọ owó. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti gba gbogbo ohun tí àgbàlagbà fi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi! Kí ló wá kù? Ìdíje ìmọ̀ ló kù, irú èyí tí à ń ṣe nílé ìwé: olùkọ́ á béèrè, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á na ọwọ́ sókè, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa wo bàtà ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ó ṣe é lónìí. Ẹni tó bá gbà á, ó gbayì. Ẹni tí kò bá gbà á, kí ó gbé ẹran inú àwo rẹ̀ fún olùkọ́ tó bá sún mọ́ ọn jù lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo mọ̀ pé òfin yìí tẹ́ yín lọ́rùn.

ÌBÉÈRÈ KÌN-ÍN-NÍ

Ààlọ́ o! Ìyá kan bí igba ọmọ, gbogbo wọn pátá ló lé tìróò. Kí ni o?

Ẹ̀wà ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ti gbà á. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè mi gan-an, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni. Ìbéèrè mi nìyí: ní ìlú wo lókè òkun ni àwọn obìnrin aláṣọ funfun ti ń jókòó síta gbangba, tí wọ́n ń din àkàrà nínú epo pupa, tí orúkọ tí wọ́n ń pè é sì dà bí ìgbà tí ènìyàn bá pe “àkàrà” pọ̀ mọ́ “jẹ”?

Salvador ni, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní ilẹ̀ Brazil. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ló mú un dé ibẹ̀. Wọn kò ráyè gbé ọlọ, wọn kò ráyè gbé agbada. Inú orí ni wọ́n gbé e sí. Títí di òní, wọ́n ń rẹ ẹ̀wà, wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fi àlùbọ́sà sí i, wọ́n sì ń pò ó dáadáa kí ó tó kan epo, gẹ́gẹ́ bí ìyá alákàrà àdúgbò yín ti ń ṣe é. Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tí wọ́n gbé lọ, oúnjẹ Ọya ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Iansã. Ẹ̀kọ náà wà níbẹ̀. Acaçá ni wọ́n ń pè é, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pọ́n ọn.

Ọdún 1888 ni Brazil tó fi òpin sí oko ẹrú. Ní ọdún 2005, ìjọba wọn kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà yìí sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: kì í ṣe àkàrà nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Iṣẹ́ náà ni wọ́n kọ, ìyẹn bí a ti ń ṣe é. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Láti kékeré ló ti hu irùngbọ̀n, eyín rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, aṣọ tó sì wọ̀ lé ara wọn kò níye. Kí ni o?

Àgbàdo ni. Ó dára. Ta ló lè sọ ibi tó ti wá? Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní Ìlọrin. Ẹ gba ẹran ọwọ́ rẹ̀! Mexico ni àgbàdo ti wá. Níbẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí yan irúgbìn lára koríko ìgbẹ́ kan ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, títí koríko náà fi di ọkà tí à ń jẹ. Lẹ́yìn tí Columbus dé ọ̀hún ní ọdún 1492 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí rìn kiri ayé, tó sì dé ọ̀dọ̀ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Àwọn ará Mexico kì í se àgbàdo lásán. Wọ́n ń sè é nínú omi eérú tàbí omi ẹfun tí wọ́n rí lára òkúta tí wọ́n fi iná jó. Wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á ṣan án, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù kó àgbàdo lọ sílé, wọ́n kó irúgbìn, wọ́n gbin ín, ó so wọ̀ǹtìwọnti. Ṣùgbọ́n omi eérú dà? Wọ́n fi sílẹ̀ sọ́hùn-ún. Lójú wọn, àṣà àwọn ará oko lásán ni.

Kò pẹ́ tí àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn tálákà tó jẹ́ pé àgbàdo nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ibi tí oòrùn bá ti pa wọ́n, awọ ara á di dúdú, á le bí èèpo igi; inú á máa ṣí; ọpọlọ á dàrú; ikú á sì tẹ̀ lé e. Dókítà kan ní ilẹ̀ Sípéènì, Gaspar Casal, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1735. Àwọn ará Ítálì ló sọ ọ́ ní pellagra, ìyẹn awọ líle. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó ti ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní gúúsù Amẹ́ríkà àwọn òyìnbó. Àwọn dókítà ní kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á, pé ó ń ràn. Ní ọdún 1914, ìjọba Amẹ́ríkà rán dókítà kan tí ń jẹ́ Joseph Goldberger lọ wò ó. Ó ní oúnjẹ ni, kò ràn rárá. Wọ́n jà á níyàn. Ní ọdún 1916, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gún ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà sára ara wọn, nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ọdún 1937 ni wọ́n tó mọ fítámínì tí ara àwọn aláìsàn náà ṣaláìní. Ó wà nínú àgbàdo tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà ní títì pa. Omi eérú ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ẹ wo nǹkan! Àwọn tí wọ́n pè ní ará oko ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn tó mú oúnjẹ tí wọ́n sì fi ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ ló kú.

Àwa ńkọ́? Àwa náà kò lo omi eérú. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ àwọn ìyá wa pé ẹ̀kọ àti àkàrà ni kí ó máa rìn pọ̀? Ta ló ní kí wọ́n da àgbàdo pọ̀ mọ́ ẹ̀wà kí ó di àdàlú? Nínú ẹ̀wà ni èròjà kan wà tí ara wa lè sọ di fítámínì yẹn gan-an. Ọ̀nà ọ̀tọ̀, ìdáhùn kan náà.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Àlejò kan wọ̀lú pẹ̀lú májèlé nínú ikùn. A bó o láṣọ, a rin ín, a dì í sápò, a gbé òkúta lé e láyà, a yan án lórí iná. Ó di ọ̀rẹ́ gbogbo ọmọ ilé ìwé. Kí ni o?

Ẹ̀rín tí ẹ ń rín yìí fi hàn pé ẹ mọ̀ ọ́n. Gàrí ni! Ẹni tí kò bá mọ gàrí nínú wa, kì í ṣe ilé ìwé wa ló lọ. Ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí, láti Brazil ló ti wá. Àwọn Pọtogí ló gbé e dé etí òkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nàìjíríà ló sì ń ṣe é jáde jù lọ ní gbogbo àgbáyé lónìí.

Ìbéèrè mi ni pé: kí ló dé tí wọ́n ń fi gàrí sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó yan án? Ṣé kí omi rẹ̀ lè ro nìkan ni? Rárá o. Èròjà kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó lè di sáyánáìdì, májèlé tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ nínú kíláàsì kẹ́mísìrì. Nígbà tí a bá rin ín, ara rẹ̀ fọ́, èròjà mìíràn tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà á pàdé rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Májèlé náà á bá omi lọ nígbà tí a bá fún un, á sì di oru lọ lójú agbada. Ọjọ́ tó fi wà nínú àpò ni iṣẹ́ yìí fi ń ṣe, ibẹ̀ náà ló ti ń kan. Ìdí nìyẹn tí kíkan gàrí fi jẹ́ àmì pé ẹni tó ṣe é ní sùúrù.

Bí sùúrù kò bá sí ńkọ́? Ní ọdún 1981, ọ̀dá àti ogun mú kí àwọn ará àríwá Mozambique máa jẹ ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ráyè tọ́jú dáadáa. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tó lé ní 1,000 rọ, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Ní ilẹ̀ Kóńgò, konzo ni wọ́n ń pe àrùn yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a so ẹsẹ̀ pọ̀. Nílé wa níhìn-ín pàápàá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1960, lórí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn kò gbọ́ràn mọ́. Ohun tó rí ni pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ ní òwúrọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ẹran àti ẹja kò sì tó nǹkan nínú oúnjẹ wọn.

Mo sọ èyí nítorí pé ọjà le, epo ọkọ̀ wọ́n, ẹni tó ń ṣe gàrí sì ń wá bí owó yóò ṣe tètè wọlé. Tí ó bá gé ọjọ́ mẹ́ta sí ọjọ́ kan, ta ni yóò mọ̀? Ó lè fi epo pupa sí i kí ó pọ́n, ṣùgbọ́n epo kò lè ṣe iṣẹ́ tí ọjọ́ ń ṣe. Ẹni tó mọ ìdí tí àpò náà fi ń dúró ni kò ní gé e. Ẹni tó rò pé àṣà lásán ni, yóò gé e.

ÌBÉÈRÈ KẸRIN

Èyí wà fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń di imú. Oúnjẹ wo ni àwọn ará Japan ń jẹ pẹ̀lú ìrẹsì ní òwúrọ̀, tó ń rùn, tó ń yọ̀, tó ń fà bí ilá, tó sì jẹ́ ìbátan irú wa?

Natto ni. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe é. Irú wa, láti ara èso igi irúgbá ni. Bí ẹ bá gbé méjèèjì síwájú ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun tíńtìntín nínú láàbù, alágbàṣe kan náà ni ẹ ó bá nídìí iṣẹ́: kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Bacillus subtilis. Ìyá onírú kò rà á lọ́jà kí ó tó fi sí i. Báwo ló ṣe ń dé ibẹ̀? Sísè tí ìyá onírú ń sè é pẹ́pẹ́pẹ́ ń pa àwọn kòkòrò yòókù, ṣùgbọ́n irúgbìn ti èyí le, iná kò rí i pa. Nígbà tí ìyá onírú bá wá fi ewé bò ó, tó wé e kí ó lè móoru, ó di olóko nìyẹn. Àwọn ará Japan ayé àtijọ́, koríko ìrẹsì ni wọ́n fi ń wé tiwọn, nítorí ara koríko yẹn ni kòkòrò náà ń gbé. Àwọn ìyá wa kò rí àwọn ìyá wọn rí. Síbẹ̀, wọ́n dé ibì kan náà.

ÌBÉÈRÈ KARÙN-ÚN

Èso pupa kékeré kan wà nínú igbó wa. Jẹ ẹ́ tán, kí o wá la ọsàn wẹ́wẹ́ tó kan gbọ̀ngbọ̀n. Ọsàn náà á dùn bí oyin. Kí ni orúkọ rẹ̀?

Àgbáyun ni. Mo rí i pé àwọn àgbà nìkan ló dáhùn. Ará Faransé kan, des Marchais, rí i ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1725, ẹnu yà á, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ náà jáde, wọ́n sì sọ ọ́ ní miraculin. Òun fúnra rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n ti ń mọ adùn. Bí ohun kíkan bá ti dé, á tají, á sì sọ fún ọpọlọ pé adùn ti dé. Ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ máa tà á dípò ṣúgà, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ oúnjẹ wọn dá a dúró ní ọdún 1974. Lónìí, àwọn ọmọ òyìnbó ń fi ṣe àríyá. Ọmọ tiwa ńkọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí ẹ bá délé, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

KÍÁKÍÁ, KÍ OÚNJẸ MÁ BÀÁ TUTÙ

Ilẹ̀ wo ni wọ́n ti ń mi orí síhìn-ín sọ́hùn-ún láti sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni”? Bulgaria. Ẹ má lọ nája níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n o.

Ilẹ̀ wo ni ọmọ ti ń pé ọdún kan lọ́jọ́ tí a bí i? Kòríà ti gúúsù. Àmọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, òfin wọn bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ orí bí ti àwọn yòókù, bí gbogbo ìlú ṣe fi ọdún kan tàbí méjì kéré sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ wa, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí òfin náà dé ìhín.

Ní Japan, kí ló dé tí a kì í fi igi ìjẹun gún inú ìrẹsì kí ó dúró ṣánṣán? Òkú ni wọ́n ń gbé e fún bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ẹyẹ ń jẹ ata tí ojú rẹ̀ kì í ṣomi? Ohun tó ń gbọ́ iná nínú ara wa ni ata ń tàn jẹ; ti ẹyẹ kò gbọ́ èdè ata. David Julius, tó tú àṣírí yìí, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2021.

Ìran wo ló ní ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni àbúrò? Ẹ̀yin Táyé, ẹ rọra o. Ẹ̀gbọ́n yín ló rán yín níṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ ÌKẸYÌN

Ìwé kan wà ní ilé ìjọsìn ńlá ìlú Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bíṣọ́ọ̀bù Leofric, tó kú ní ọdún 1072, ló fi ta ilé ìjọsìn náà lọ́rẹ. Àlọ́ tó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Kí ni kò sí nínú ìwé náà?

Ìdáhùn ni kò sí níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò kọ ìdáhùn, bóyá nítorí pé gbogbo ènìyàn ìgbà náà ló mọ̀ ọ́n. Ta ló máa kọ ìdáhùn ohun tí ọmọdé mọ̀? Àwọn tó mọ̀ ọ́n kú tán. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń jiyàn lórí díẹ̀ nínú àwọn àlọ́ yẹn, wọn kò tíì fẹnu kò títí di òní.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ nìyẹn. Omi eérú Mexico, àpò gàrí, ewé orí irú, ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà, àlọ́ ni gbogbo wọn. Ìṣe náà ni ìbéèrè, ìdí rẹ̀ ni ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà la ń fi ìṣe sílẹ̀ fún ọmọ, tí a kì í fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ á wò ó, á ní kí ni mo ń ṣe èyí fún, á jù ú nù. Kò sì jẹ̀bi, nítorí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

N kò sọ pé gbogbo àṣà ló ní ìdí tó dára. Ẹ rántí èèwọ̀ tó ní kí ọmọdé má jẹ ẹyin kí ó má bàa di olè. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹyin náà tán fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀! Kí a máa béèrè, kí a máa dán an wò, bí ẹ ti kọ́ wa, ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ó bi gbọ́dọ̀ wà láàyè kí a tó bi í.

Nítorí náà, iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé. Kí ìwé ìròyìn wa tó ń bọ̀ tó jáde, kí olúkúlùkù yín bi àgbà kan nínú ilé, ìyá, ìyá ìyàwó, tàbí ìyá onírú ọjà, nípa ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ kọ bó ṣe ń ṣe é. Ẹ kọ iye ọjọ́. Ẹ béèrè pé “ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló fà á?” Ẹ kọ èyí náà sílẹ̀, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ̀rín ni ó fi dá yín lóhùn. Kí ẹ fi àlọ́ kan tì í, pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀ o! Akọ̀wé wa yóò gbà á. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ni yóò máàkì rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ yóò kúnlẹ̀, ọjọ́ orí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ gbé ẹran olùkọ́ fún olùkọ́.